Wolé-wolé Tó Fetí Lé Irin Rélùwéè

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Ọ̀fà tí ẹ ní Alhaji Abdulganiyu lẹ ń wá, ẹ lè rìn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n ẹ ní Bàbá Wolé-wolé, àní ewúrẹ́ á mú yín dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Èmi Asiata, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dàgbà sí, èmi àti Bàrákàt àbúrò mi, láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Òun ló tọ́ wa, òun ló rán wa níwèé, kò jẹ́ kí ebi pa wá. Nítorí náà, bí mo bá ń bú u, ẹ má dá sí i. Mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Iṣẹ́ wolé-wolé ló ṣe ní káńsù títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ kò bá wọn, wolé-wolé lẹni tí ìjọba ń rán wọ ilé onílé, kó ṣí ìkòkò omi wò, kó yọjú sí ṣáláńgá, kó fínmú káàkiri ẹ̀yìnkùlé. Bó bá rí ìdọ̀tí, ó di kóòtù. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju oúnjẹ lọ. Nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ sinmi, ẹsẹ̀ rẹ̀ sinmi, ojú rẹ̀ kọ̀, kò sinmi. Ló bá kó gbogbo wíwò náà wá sínú ẹbí, ó sọ ara rẹ̀ di olùwádìí ìgbéyàwó.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, a kì í fọmọ fọ́kọ láìwádìí. A ó wádìí bóyá àìsàn kan ń bẹ nínú ìran wọn, bóyá olè wà níbẹ̀, bóyá wọ́n máa ń na ìyàwó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ sọ ọmọ rẹ̀ sínú kànga? Ṣùgbọ́n ti Bàbá Wolé-wolé ti kúrò ní kèrémí. Tọ́ọ̀ṣì ló ń mú dání lọ, lọ́sàn-án gangan! Á ṣe bí ẹni tó ń kọjá lọ níwájú ilé àwọn ọkọ ìyàwó, á ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Wọ́n á ní, "Ẹ wọlé, Alhaji, ẹ jókòó." Ó tán. Kí wọ́n tó bu omi wá fún un, ó ti rí ìsàlẹ̀ àmù, ó ti ka iye aláǹgbá tó wà lára ògiri.

Ọmọ ẹbí tó ti tipa báyìí pàdánù ọkọ kò lóǹkà. Ọ̀kan, wọ́n ní bàbá bàbá rẹ̀ máa ń wúkọ́ púpọ̀ nígbà ọyẹ́. Òmíràn, ẹran tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ilé wọn wo Bàbá lójú tìkà-tìkà. Kabir tó fẹ́ fẹ́ èmi gan-an, tanwíjí ló pa á. Rárá o, kò kú, àárín àwa méjèèjì ló kú. Bàbá lọ sí Ojoku, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ìkòkò omi ìyá Kabir, ó rí tanwíjí tó ń jó níbẹ̀, ló bá padà wá sọ fún ẹbí pé ilé tí kò lè bo ìkòkò kò lè bo àṣírí. Gbogbo àgbààgbà mi orí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n rèé. Kabir dúró, ó bẹ̀bẹ̀, ó ra ìdérí fún gbogbo ìkòkò ilé wọn. Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù. Èmi yìí náà ni mo rán aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ wọ̀ níjọ́ ìkómọ.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí ọ̀rọ̀ Bàrákàt. Tíṣà àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yẹn ló ń ná gbogbo ohùn rẹ̀ tán sí. Bó bá ti dé ilé, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mùíz, ọmọ Ìjàgbò, wá bá wọn tún fáànù iléèwé ṣe nígbà tó wà ní líífù, ìyẹn ìsinmi ẹnu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọra. Inú ọkọ̀ òkun ni Mùíz ti ń ṣiṣẹ́. Á lọ fún oṣù bíi mélòó kan, á tún padà wálé. Mo rí ojú àbúrò mi nígbà tí fóònù rẹ̀ bá dún, mo mọ̀ pé eléyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í já, torí mo mọ ẹni tó ń bẹ nílé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Bí Mùíz ṣe rán àwọn èèyàn wá tọrọ, Bàbá gun ọ̀kadà, ó di Ìjàgbò. Ilé wọn mọ́ tónítóní. Ó yẹ ìkòkò wò, ó ní ìdérí. Ó yẹ ṣáláńgá wò, wọ́n tiẹ̀ da òróró apakòkòrò síbẹ̀. Inú bí i díẹ̀. Ló bá yà sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì.

"Mùíz yìí, irú iṣẹ́ wo ló tiẹ̀ ń ṣe?"

"Ó ń ju nǹkan sókun ni, Bàbá."

"Nǹkan bíi kí ni?"

"Ó gùn tó ọmọ odó. Ó fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí rí. Funfun ni."

"Ó tún ń yọ ọ́ padà?"

"Kì í yọ ọ́ o. Wọ́n á jù ú, ọkọ̀ á máa lọ, kò ní í wẹ̀yìn. Nígbà tó bá yá, á rì."

Bàbá kò tiẹ̀ dúró gba ṣéńjì lọ́wọ́ ọlọ́kadà. Ó wọlé, fìlà rẹ̀ kọjú sẹ́yìn. "Àsitagafurulai! Ẹbọ! Ẹbọ lọmọ yẹn ń rú sókun! Ẹ pe ẹbí jọ!" Bàrákàt ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó kàn ń ṣa òkúta kúrò, ó ń ṣa ẹ̀wà kúrò, ó ń da gbogbo rẹ̀ nù pọ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Mùíz. Ó dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú àwọn àgbààgbà. Bàbá jókòó sáàárín, tọ́ọ̀ṣì lórí eékún.

"Wọ́n ní o ń ju nǹkan sókun. Irọ́ ni àbí òótọ́?"

"Òótọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹbọ. Ẹ̀rọ ni. Sonobọ́ì ni wọ́n ń pè é."

"Kí ni ẹ̀rọ ń wá nínú òkun?"

"Ó ń gbọ́ràn ni, Bàbá."

"Ọ̀rọ̀ ta?"

"Ti òkúta tó wà nísàlẹ̀ òkun, sà."

Àwọn àgbààgbà wo ara wọn lójú. Ọ̀kan sún mọ́ ẹnu ọ̀nà díẹ̀.

Mùíz fara balẹ̀, ó ṣàlàyé. Ó ní bí àwọn bá ti ju sonobọ́ì sómi, iyọ̀ inú omi òkun fúnra rẹ̀ ló ń jí bátìrì rẹ̀. Apá kan á léfòó, á na waya rédíò sókè. Apá kejì, tí í ṣe etí rẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ sínú omi. Ọkọ̀ á máa lọ síwájú, á máa yin ìbọn afẹ́fẹ́ sínú omi bó ṣe ń lọ, gbì! gbì! Ohùn ìbọn náà á gba inú omi, á gba inú ẹrẹ̀, á kan òkúta tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, á sáré gba inú òkúta yẹn lọ, lẹ́yìn náà á tún jáde sókè. Etí sonobọ́ì á gbọ́ ọ, rédíò rẹ̀ á fi ránṣẹ́ sínú ọkọ̀. Ohùn máa ń yára nínú òkúta ju inú omi lọ. Bó bá ṣe yára tó ni àwọn ọ̀gá òun fi ń mọ irú òkúta tó wà níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè dé.

Èmi gbádùn ọ̀rọ̀ náà. Bàbá Wolé-wolé di ojú pọ̀.

"O ní ẹ kì í kó o padà?"

"A kì í kó o, sà. Bó bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí mélòó kan, á fúnra rẹ̀ gbomi, á sì rì. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn."

"Ẹ̀rọ tó ń pa ara rẹ̀! Ó dáa. Ta ló ń gbá a?"

"Sà?"

"Mo ní ta ló ń gbá ìdọ̀tí yẹn kúrò nísàlẹ̀ òkun?"

Mùíz họ orí. "Kò sẹ́ni tó ń gbá a, sà."

Bàbá dìde. Ẹ wò ó, ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀. "Ẹ ti gbọ́ o, ẹ̀yin ẹbí. Bó bá jẹ́ ẹbọ, abọ̀rìṣà ni. Bí kì í bá ṣe ẹbọ, onídọ̀tí ni, òkun ìjọba ló sì ń bà jẹ́. Èwo nínú méjèèjì ni ká fi Bàrákàt fún? Irọ́ tiẹ̀ ni pẹ̀lú. Ohùn wo ló ń sáré nínú òkúta? Òkúta lẹ́sẹ̀ ni?"

Mo wo àbúrò mi. Ó dúró lẹ́yìn kọ́tìnì, omi ti gba ojú rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí i bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi, ó tán. Àfi bí Mùíz ṣe gbé orí sókè, tó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ojú irin rélùwéè kò jìnnà síbí. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Ẹ kò lè sọ pé ká lọ wádìí nǹkan kí Bàbá Wolé-wolé ní òun kò lọ. Kí Mùíz tó sọ tán, Bàbá ti wọ bàtà.

Kò sí ọkọ̀ ojú irin níjọ́ náà. Ìgbà tó bá wu ọkọ̀ yẹn ló ń wá. Mùíz yá òòlù kan lọ́wọ́ kápẹ́ńtà, ó rìn lọ lójú irin títí ó fi kéré lójú wa. Ó ti sọ fún Bàbá pé kó fi etí kan lé irin. Bàbá ká agbádá sókè, ó kúnlẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó fi etí lé e. "Ó gbóná!" Mo ní kó rọra. Mùíz gbé òòlù sókè, ó là á mọ́ irin.

Bàbá ta gìrì. "Mo gbọ́ ọ!" Kó tó pa ẹnu dé, ìró náà dé lójú afẹ́fẹ́, kó! Ó wò yíká. "Ta ló tún lù ú?"

Èmi ni mo dá a lóhùn: "Kò sẹ́ni tó tún lù ú, Bàbá. Ẹyọ kan náà ni. Èyí tó gba inú irin ló kọ́kọ́ dé, èyí tó gba afẹ́fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni."

Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo dá ayé. Ó tún fi etí lé e. "Ẹ ní kó tún un lù!" Mùíz tún un lù. "Ẹ̀ẹ̀kan sí i!" Ó pààrọ̀ etí. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja, agbádá tẹ́ sílẹ̀ láàárín òkúta rélùwéè, ìdí lókè, ó ń pariwo, "Tún un lù! Mo ní kó o tún un lù!" Ẹ̀rín pa mí títí inú fi ń run mí. Bàrákàt náà ń rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú omijé lójú.

Àwọn ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Àwọn ọmọ iléèwé dúró. Obìnrin kan tó ru ẹ̀gẹ́ kígbe pé, "Ẹ gbà wá o, Alhaji kan fẹ́ pa ara ẹ̀!" Ni àwọn ọkùnrin bá rọ́ wá, wọ́n gbá a lẹ́sẹ̀ mú, wọ́n ń wọ́ ọ kúrò. Bàbá ń ta wọ́n nípàá. "Ẹ fi mí sílẹ̀! Mò ń wádìí!" Gbogbo fóònù ti wà lókè.

Nígbà tó dìde, ìpẹtà irin wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń dán. Ó di Mùíz lọ́wọ́ mú. "Wàláì, ọmọ yìí kò purọ́. Ohùn ń sáré! Ẹ lọ mú ọjọ́ yìgì." Bàrákàt sáré lọ sílé; nígbà tí a dé, a gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ nínú yàrá. Ní ọjọ́ kejì, Mùíz padà sẹ́nu iṣẹ́, ọkọ̀ wọn gbéra, kò sì sí nẹ́tíwọ̀kì níbi tí wọ́n lọ.

Bí ohùn ṣe ń yára tó nínú irin, ẹ jẹ́ n sọ fún yín, kò yára tó ẹnu ará Ọ̀fà. Kí a tó jẹun alẹ́, fídíò náà ti dé orí Wásáàpù gbogbo ilé. Ní Ojoku, wọ́n ní àlùjànnú ló wọ̀ ọ́. Ní Ẹ̀rìn-Ilé, tí àwa àti wọn ti ń du ààlà ilẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, wọ́n ní ilẹ̀ làwọn ará Ọ̀fà tún ń fi etí wọ̀n, kí olúkúlùkù yáa ṣọ́ ààlà rẹ̀. Ní Ìjàgbò, níbi tó ti kàn wá jù, wọ́n kàn ní wèrè ni.

Obìnrin àgbàlagbà kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní kí n wọn òun fún bùbá. Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n, ó ń béèrè. Ṣé Bàbá tó wà nínú ilé yìí máa ń sùn dáadáa? Ṣé ó máa ń dá sọ̀rọ̀? Bàbá tó bí i ńkọ́, báwo ló ṣe kú? Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo lọ bu omi, mo bá a níbi tó ti ń yọjú sínú ìkòkò wa. Mo gbé ife sílẹ̀. Háà! Ìwádìí ni! Wọ́n ń wádìí àwa náà! Wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ní tiwa, ẹni tó sọ òkò gan-an ló bà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ará Ìjàgbò dé. Obìnrin oníbùbá yẹn ló ṣáájú. Alhaja Àmínát ni, ìyá Mùíz. Òun àti àbúrò ọkọ rẹ̀ jókòó, wọn kò gba omi.

"Alhaji, ẹ kò ṣẹ̀ wá," Alhaja bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ọmọ yín náà kò ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni mo bí. A wádìí, ohun tí a gbọ́ kò dára. A kò lè mú wèrè wọ ìran. A wá dá ọ̀rọ̀ náà padà ni."

Mo ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́ wá kí ẹnì kan sọ irú rẹ̀ fún Bàbá. Àṣé bí ó bá ṣẹlẹ̀, kò ní dùn mọ́ mi. Bàrákàt wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tíréè omi tí wọn kò gbà.

Bàbá fò dìde. "Wèrè kẹ̀? Alhaja, iṣẹ́ ọmọ yín ni mò ń wò! Sonobọ́ì!" Ó ní òun á ṣàlàyé. Ó na apá sókè gbọnrangandan, ó ní waya rédíò rèé. Ó lóṣòó mọ́lẹ̀, ó ní etí rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ rèé. Ó rìn yí pálọ̀ ká bí ọkọ̀, ó ń ké "Gbì! Gbì!" Ó fi ọwọ́ lu tábìlì, ó fi ọwọ́ lu ògiri, ó ní òkúta ni, ó ní ẹ gbọ́ bó ṣe ń sáré! Bó ṣe ń ṣàlàyé tó ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bàjẹ́ tó. Alhaja rọra fa àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ ti rí i báyìí," ó sọ fún àbúrò ọkọ rẹ̀.

"Ẹ pe ọmọ yín!" Bàbá ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹ bi Mùíz!"

"Ojú òkun ni Mùíz wà, Alhaji. Kò sí nẹ́tíwọ̀kì."

Bàbá jókòó wọ̀ọ̀. Ó dà bí àwọn onílé tó máa ń mú lọ kóòtù nígbà náà lọ́hùn-ún. Alhaja dìde láti máa lọ. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ó rí Bàrákàt, ó dúró.

"Ìwọ ọmọ yìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo dàgbà sí. Má purọ́ fún mi. Ṣé wèrè ni bàbá rẹ?"

Bàrákàt kúnlẹ̀, ó gbé tíréè sílẹ̀. "Wèrè kọ́, mà. Wọ́n kàn fẹ́ràn ìwádìí ju èèyàn lọ ni."

Ni Alhaja bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ìborùn rẹ̀ já bọ́. Nígbà tó nu ojú tán, ó tẹjú mọ́ ọmọ náà.

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? O fẹ́ Mùíz mi? Á máa pẹ́ lójú òkun o. Ìgbà mìíràn wà tí o kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ rárá."

"Mo fẹ́ ẹ, mà. Mo mọ̀ pé á máa pẹ́. Mo ti gbà láti máa dúró dè é kí ẹnikẹ́ni tó lọ yẹ ilé yín wò. Bí ẹ bá sì kọ̀ mí lónìí, inú mi máa bàjẹ́ gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀ mí."

Látọjọ́ tí a ti bí i, kò sọ̀rọ̀ gùn tó báyẹn nínú ilé yìí rí. Alhaja tẹ̀ síwájú, ó gbé e dìde, ó ní, "Ó tán. Èmi kò wádìí mọ́. Ìyàwó wa nìyí."

Bàbá ń wo Bàrákàt bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Bàrákàt. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí ló dé tí o kò sọ gbogbo èyí fún mi látọjọ́ yìí?"

"Ẹ kò bi mí, Bàbá."

Ó yí ojú kúrò lára rẹ̀, ojú ọ̀hún bá bọ́ sí ara mi níbi tí mo dúró sí, pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Mo ní, "Ẹ má wò mí, Bàbá. Ẹ kò bi èmi náà." Ni mo bá bú sẹ́kún níwájú àlejò, ojú kò sì tì mí rárá.

Bàbá Wolé-wolé bọ́ fìlà, ó gbé e lé eékún. "Asiata, jọ̀ọ́," ó ní, "má bínú." Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo ti ń rán aṣọ yìgì Bàrákàt lọ́wọ́ báyìí, mo sì ń gbé oúnjẹ fún Bàbá láràárọ̀ bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mò ń bínú.